Òkun yí Sri Lanka ká, ṣùgbọ́n ilẹ̀ rẹ̀ kò tẹ́jú

Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ n'Íbàdàn máa ń sọ pé ẹsẹ̀ tó ti gun Màpó, tó tún gun Òkè Àrẹ̀, kò sí erékùṣù tó lè dá a lágara. Wọ́n á wá gé Sri Lanka bí ẹni gé búrẹ́dì: ọgọ́rin kìlómítà lójúmọ́, ó tán.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Etíkun ló tẹ́jú, àmọ́ òkè ńláńlá ló wà láàárín ilẹ̀ náà. Pidurutalagala, tó ga jù níbẹ̀, jẹ́ 2,524 mítà láti ojú òkun. Màpó ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ ó fi gùn ún tán. Láti ìlú Kandy dé ìlú Nuwara Eliya tó wà lórí òkè, bíi kìlómítà 77, ẹ ó kúrò ní nǹkan bíi 500 mítà dé 1,868 mítà.

Ẹ má fi kìlómítà nìkan ṣírò ọjọ́. Ẹni tó di ẹrù kílò 12 sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lè rin kìlómítà 18 ní wákàtí kan lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Fún gbogbo 350 mítà tí ọ̀nà bá gòkè, ẹ fi wákàtí kan kún un. Ti Kandy yẹn á lé ní wákàtí mẹ́jọ. Ẹ pín in sí ọjọ́ méjì, kẹ́ ẹ sùn ní Ramboda tó wà lójú ọ̀nà, kẹ́ ẹ sì gbéra láago mẹ́fà àárọ̀.

Gíà ló sábà ń dá èèyàn dúró. Gíà tó ní eyín 42 níwájú àti 28 lẹ́yìn á gbé Màpó, torí ẹ lè dìde dúró lórí pẹ́dà títí ẹ ó fi dókè. Ta ló lè dúró bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin? Orúnkún ló ń kọ́kọ́ kọ̀. Ẹ wá 28 síwájú, 34 sẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ tẹ̀yìn, ṣéènì àtijọ́ lè kúrú, torí náà ẹ ra tuntun pọ̀ mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ má di bíréèkì mú ṣinṣin láìtú u: rímù á gbóná, tíúbù á bẹ́. Ẹ fà á kẹ́ ẹ tó dé kọ́nà, kẹ́ ẹ tú u sílẹ̀.

Ẹni tó mọ ooru Ìbàdàn á fara da ti Colombo, ìlú ńlá wọn létíkun. Òtútù lẹ ò ní ronú kàn: ní Oṣù Kíní, òru Nuwara Eliya máa ń lọ sísàlẹ̀ 10 °C. Ẹ mú súwẹ́tà.

Òjò ibẹ̀ náà kò dà bíi tiwa. Láti Oṣù Karùn-ún dé Oṣù Kẹsàn-án, ọ̀dọ̀ Colombo àti Galle, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ló ń rọ̀ sí, Trincomalee ní ìlà-oòrùn á sì gbẹ. Láti Oṣù Kejìlá dé Oṣù Kejì, ó di ìdàkejì. Oṣù Kíní sí Oṣù Kẹta ló dára jù fún àwọn òkè.

Apá òsì ni wọ́n ń gbà wa ọkọ̀. Àwa ti kúrò níbẹ̀ láti 1972. Ẹ so dígí mọ́ apá ọ̀tún, ibẹ̀ ni bọ́ọ̀sì á ti máa ré yín kọjá.

Màpó ṣì wúlò o. Ẹ di ẹrù kílò 12 yẹn mọ́ kẹ̀kẹ́, ẹ gùn ún, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ tún gùn ún, fún wákàtí méjì gbáko, ní gbogbo Sátidé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, láìdìde lórí ìjókòó. Gíà tí kò bá gbé yín mọ́ nígbà tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹẹ̀dógún, Ìbàdàn níbí ni kẹ́ ẹ ti pààrọ̀ rẹ̀.