Òròmọdìẹ tó ti dá ẹyin lu kò nílò kí a bó èèpo fún un

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ pa ẹyin adìẹ nílé, ìbáà jẹ́ íńkúbétọ̀ kékeré tó ń lo iná mànàmáná tàbí àpótí tí wọ́n ń fi àtùpà mú gbóná, ló gbà gbọ́ pé òròmọdìẹ tó bá ti dá èèpo ẹyin lu, tí kò sì jáde láàárín wákàtí mélòó kan, ti há sínú ẹyin, àti pé yóò kú bí a kò bá tètè fi ọwọ́ bó èèpo náà fún un. Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí pàápàá a máa fi í kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Àánú ló wà nídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà, ó sì ń pa òròmọdìẹ tí kò sí ohun tó ń ṣe é.

Ọjọ́ 21 ni ẹyin adìẹ ń lò kí ó tó pa. Nígbà tó bá fi máa pé ọjọ́ 18, òròmọdìẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo inú ẹyin, ó sì ń to ara rẹ̀ sí ipò tí yóò gbà jáde: orí rẹ̀ á wà lábẹ́ apá ọ̀tún, ẹnu rẹ̀ á sì kọjú sí ìdí ẹyin tó fẹ̀, níbi tí àyè afẹ́fẹ́ wà. Ìdí nìyí tí a fi ń ṣíwọ́ yíyí ẹyin ní ọjọ́ náà. Ní gbogbo àkókò yìí, kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró ni ó fi ń mí. Awọ kan tó kún fún iṣan ẹ̀jẹ̀, tó tẹ́ mọ́ èèpo láti inú, ni afẹ́fẹ́ ń gbà dé ara rẹ̀. Ní nǹkan bí ọjọ́ 19 tàbí 20, ó máa ń fi ẹnu dá awọ inú lu bọ́ sí àyè afẹ́fẹ́ náà, ibẹ̀ ni yóò sì ti kọ́kọ́ fi ẹ̀dọ̀fóró mí. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò pọ̀, èémí tó ń mí síta sì ń kún inú rẹ̀, èyí ló ń mú kí iṣan ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò, tí eyín kékeré tó wà lórí ẹnu rẹ̀ á sì máa gún èèpo títí yóò fi là.

Lẹ́yìn ihò àkọ́kọ́ yìí ni àwọn ènìyàn máa ń ṣàṣìṣe. Òròmọdìẹ á dákẹ́, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 12 títí dé 24, kó máa mí, kó máa ké díẹ̀díẹ̀, láìfi nǹkan kan kún ihò náà. Ẹni tó ń wò ó á rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù lọ ló ń lọ lọ́wọ́: ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú awọ ara èèpo ń padà sínú ara rẹ̀, ìyókù pupa ẹyin sì ń wọ inú ikùn rẹ̀ láti ojú ìdodo. Ìgbà tí méjèèjì bá parí ni yóò tó máa yí ara rẹ̀ po, tí yóò gé èèpo yíká, tí yóò sì fi ẹsẹ̀ ti ara rẹ̀ jáde.

Ẹni tó bá bó èèpo kí iṣẹ́ yìí tó parí yóò fa iṣan tó ṣì ní ẹ̀jẹ̀ nínú ya, ẹ̀jẹ̀ tí kò tó nǹkan lójú wa sì lè jẹ́ ẹ̀mí òròmọdìẹ. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tilẹ̀ dà, pupa ẹyin lè ṣì wà níta, kí ìdodo má sì tíì pa, kòkòrò àrùn á sì ráyè wọlé. Irú òròmọdìẹ bẹ́ẹ̀ lè wà láàyè fún ọjọ́ díẹ̀ kó tó kú, olówó rẹ̀ á sì máa wá ohun tó pa á kiri nínú oúnjẹ tàbí omi.

Àwọn kan á ní, “Èmi bó o, ó sì yè.” Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó yè jẹ́ èyí tó ti parí iṣẹ́ inú ẹyin, tó ṣeé ṣe kó dá jáde fúnra rẹ̀ láìpẹ́. Àwọn mìíràn á ní ìyá adìẹ ló ń fi ẹnu fọ́ ẹyin fún ọmọ rẹ̀. Ẹ wo adìẹ tó ń sàba dáadáa: ní ọjọ́ wọ̀nyí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde mọ́, ó ń dún sí wọn, wọ́n sì ń dá a lóhùn láti inú ẹyin, ṣùgbọ́n òròmọdìẹ fúnra rẹ̀ ló ń fọ́ èèpo tirẹ̀.

Ìpalára náà kì í sì í mọ sórí ẹyin kan. Láti ọjọ́ 18, ó yẹ kí ọ̀rinrin inú ẹ̀rọ wà ní nǹkan bí ìdá 65 sí 70 nínú 100. Gbogbo ìgbà tí a bá ṣí i ni ọ̀rinrin yìí ń jáde, pàápàá nígbà ọyẹ́, awọ inú àwọn ẹyin mìíràn tó ti lu á sì gbẹ, á le bí awọ ìlù, á wá lẹ̀ mọ́ òròmọdìẹ lára. Háhá yìí gan-an ni a ń bẹ̀rù, àwa fúnra wa ló sì sábà máa ń fà á. Wíwọ́n omi sórí ẹyin kò sì lè mú èèpo rọ̀; omi inú abọ́ tó wà nínú ẹ̀rọ ni kí a bójú tó, kí a sì bu ú kún kí ọjọ́ 18 tó kọjá. Kò sídìí láti sáré kó àwọn tó ti jáde, torí pé pupa ẹyin tó wà nínú ikùn wọn lè bọ́ wọn fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, òun náà ló sì ń jẹ́ kí òròmọdìẹ ọjọ́ kan lè rin ọ̀nà jíjìn dé ọwọ́ ẹni tó rà á.

Ìgbà kan wà tí ìrànlọ́wọ́ lè tọ́: bí ó bá ti ju wákàtí 24 lọ láti ìgbà tó ti lu, tí ihò kò fẹ̀ sí i, tí awọ ti gbẹ tó sì ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, tàbí tó jẹ́ ìdí ṣóńṣó ni ó ti dá a lu. Kí a fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rin awọ náà, kí a yọ èèpo díẹ̀díẹ̀ ní etí ihò, bí a bá sì rí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo, kí a dá a padà sínú ẹ̀rọ, kí a sì pa ẹ̀rọ dé.