Ẹ kò rí iná ọtí, kò ní kó má jó yín

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tó ń fi sítóòfù ọlọ́tí, èyí tó ń jó ọtí ẹtanọ́ọ̀lù dípò kẹrosíìnì, dáná, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé bí a bá bojú wo sítóòfù tí a kò rí iná, ọtí inú rẹ̀ ti tán nìyẹn, a lè da òmíràn sí i. Irọ́ ni. Irọ́ tó ń bó èèyàn lára sì ni.

Mo mọ ibi tí èrò yìí ti wá. Ìdí sítóòfù kẹrosíìnì la dàgbà sí. Iná kẹrosíìnì máa ń pọ́n, èéfín rẹ̀ á sì mú ìdí ìkòkò dúdú. Eérú dúdú wínníwínní tó ń gbóná nínú iná yẹn ló ń jẹ́ kó pọ́n. Iná ọtí kò ní in. Búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ni, bí oòrùn bá sì ti mú, ojú lásán kì í sábà rí i. Ohun tí a fi ń yìn ín, pé kì í ba ìkòkò jẹ́, òun gan-an ló ń fi í pamọ́.

Lọ́dún Iléyá kan n'Ìjẹ̀bú-Òde, àǹtí mi ń se ìkọ́kọrẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé lọ́sàn-án gangan. Wọ́n sọ ìkòkò kalẹ̀, wọ́n bẹjú wo sítóòfù, wọ́n ní, "Ó ti kú." Wọ́n nawọ́ mú kẹ́ẹ̀gì. Ògiri tó wà lẹ́yìn sítóòfù ni mo ń wò: ó ń gbọ̀n lójú mi, bí títì ọlọ́dà ṣe máa ń ṣe nínú oòrùn. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná!" Mo fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ, mo nà án sórí rẹ̀. Kíá ló gbiná. Wọ́n rọra gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, wọn ò sọ̀rọ̀.

Ká ní wọ́n ti dà á ni, iná lè tọ ọtí tó ń dà bọ̀ yẹn wọnú kẹ́ẹ̀gì. Kẹ́ẹ̀gì tó kù díẹ̀ kó ṣófo ló léwu jù, torí oru ọtí ló kún inú rẹ̀: bó bá gbiná, á tú iná jáde lẹ́nu bí ìbọn, ẹni tó jókòó lọ́ọ̀ọ́kán ni yóò sì bà.

Bí iná bá tiẹ̀ kú lóòótọ́, ẹ má tíì dà á. Ìwọ̀n 78 digírì ni ọtí ti ń hó, nígbà tí omi ń dúró di 100. Ara sítóòfù tó ṣì gbóná á sọ ọ́ di oru kíákíá. Oru náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rá, ó sì lè rá dé ìdí àdògán ẹlòmíràn.

Ẹ fi ìdérí sítóòfù dé e pa. Ẹ dúró títí ọwọ́ lásán yóò fi lè di ara rẹ̀ mú láìjó. Ìta ni kí ẹ ti rọ ọtí sí i, níbi tí kò sí iná kankan, kí ẹ dé kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ gbé e jìnnà kí ẹ tó ṣá ìṣáná.

Àǹtí mi ti gbé ìdáná wọn kúrò nínú oòrùn báyìí. Abẹ́ ìbòòji ló wà, níbi tí wọ́n ti ń rí búlúù náà.