"Made in Italy" lára bẹ́líìtì: ohun tó sọ àtohun tí kò sọ

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fọ́nrán TikTok àwọn ará Ṣáínà ránṣẹ́ sí mi láti 2025, ẹ jọ̀ọ́, mo ti rí i. Ẹnì kan dúró sáàárín báàgì àti bẹ́líìtì rẹpẹtẹ, ó ní ọ̀dọ̀ àwọn ni gbogbo ilé iṣẹ́ olówó gọbọi ní Yúróòpù ti ń ṣe ọjà wọn, pé àkọlé lásán ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn ní Ítálì àti Faransé. Ìgbà tí Trump gbé owó ibodè lé ọjà Ṣáínà ni irú fọ́nrán bẹ́ẹ̀ gbòde kan. Àwọn kan gbà á gbọ́ porogodo, wọ́n ní àwọn ti fura tipẹ́. Àwọn kan sì fárígá: bí wọ́n bá ti rí "Made in Italy" nínú bẹ́líìtì, ó parí, ojúlówó ni. Ní tèmi o, apá méjèèjì ló ń bi àkọlé yẹn ní ohun tí kò mọ̀.

Ohun tí òfin fi àkọlé náà sọ kéré gan-an sí ohun tí àwa ń kà sínú rẹ̀. Lábẹ́ òfin ibodè EU, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, bí orílẹ̀-èdè tó ju ẹyọ kan bá lọ́wọ́ sí ọjà kan, ibi tí iṣẹ́ gidi tó kẹ́yìn ti wáyé lára rẹ̀ ni wọ́n máa kà sí ìlú rẹ̀. Iṣẹ́ gidi o, dídì sínú páálí kò sí lára rẹ̀. Bí wọ́n bá gé awọ ní Ítálì, tí wọ́n lẹ̀ ẹ́, tí wọ́n rán an, tí wọ́n lu ihò sí i, bẹ́líìtì Ítálì nìyẹn, kódà bí màlúù tó ni awọ bá jẹko dàgbà ní Brazil, tí irin orí bẹ́líìtì náà sì ti ibòmíràn wá. Ẹni tó bá fẹ́ fọ́nnu pé láti orí yíya àwòrán ọjà náà títí dé dídì í, Ítálì nìkan ni, òfin wọn ti 2009 ya gbólóhùn sọ́tọ̀ fún un: "100% Made in Italy". Ẹ lọ wo bẹ́líìtì yín, bóyá ẹ máa rí ọgọ́rùn-ún yẹn níbẹ̀. EU kò tilẹ̀ fi dandan lé e pé kí bẹ́líìtì ní àkọlé ibi tí wọ́n ti ṣe é rárá. Amẹ́ríkà ló fi dandan lé e fún ọjà tó bá ti òkèèrè wọlé, nínú òfin owó ibodè wọn ti 1930.

Ọ̀rọ̀ tiwọn náà sì le. FTC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà níbẹ̀, ní bí ẹ bá máa kọ "Made in USA" sára nǹkan láìfi àlàyé kún un, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ tàbí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ ló ti Amẹ́ríkà wá. Ní 2023, wọ́n gbá àwọn ilé iṣẹ́ Chaucer Accessories àti Bates Accessories mú, bẹ́líìtì sì wà nínú ẹjọ́ náà gan-an. FTC ní awọ bẹ́líìtì ń ti Taiwan wọlé, wọ́n á wá fi irin orí rẹ̀ há a ní Amẹ́ríkà, wọ́n á sì kọ ọ́ sí i pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. Irin orí bẹ́líìtì nìkan! Iṣẹ́ tí ẹni tó ń ta bẹ́líìtì lábẹ́ afárá Ọ̀ṣọ́dì máa bá yín ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ bí ẹ bá ní kó bá yín gé e kúrú. $191,481 ni FTC ní kí wọ́n san.

Irọ́ nìyẹn, ìjọba sì mọ ohun tó máa fi irọ́ ṣe. Òótọ́ ló ń kọ mí lóminú.

Ní oṣù Òkúdu 2024, ilé ẹjọ́ kan ní Milan fi ẹ̀ka kan ní Ítálì ti Dior, ilé iṣẹ́ aṣọ àti báàgì olówó gọbọi ti Faransé, sábẹ́ àbójútó ẹni tí adájọ́ yàn. Àwọn ọlọ́pàá ti wọ àwọn ibi iṣẹ́ kéékèèké kan lágbègbè Milan, tí àwọn ará Ṣáínà ni, tí iṣẹ́ ń ti ọwọ́ agbaṣẹ́ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n bá àwọn òṣìṣẹ́ tó ń sùn mọ́bẹ̀ kí ọwọ́ má bàa kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àwọn mìíràn ò sì ní ìwé ìgbélùú. Wọ́n yẹ bí wọ́n ṣe ń lo iná mànàmáná wò, ó hàn gbangba pé òru kì í ṣu níbẹ̀, ọjọ́ ìsinmi kì í sì dé. Àwọn tó ni ibi iṣẹ́ náà ti yọ ohun tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ kúrò lára ẹ̀rọ kan kí iṣẹ́ lè yá. Báàgì kan wà nínú ìwé ẹjọ́ náà tí wọ́n san €53 fún ẹni tó tò ó pọ̀, tí Dior ń tà ní €2,600. Ká má ṣàbòsí, €53 yẹn kò ka owó awọ mọ́ ọn, kò ka ti ìpolówó àti ṣọ́ọ̀bù aláràbarà mọ́ ọn. Ẹ ṣáà fi méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ná.

Àwọn Dior nìkan kọ́. Ẹ̀ka Armani kan ti ṣáájú wọn ní oṣù Igbe ọdún náà, ti Valentino àti Loro Piana sì tẹ̀lé e ní 2025. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n ni pé wọn kò mójú tó àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ilé ẹjọ́ ti yọ Dior kúrò lábẹ́ àbójútó náà láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí nǹkan kan: "Made in Italy" tó wà lára àwọn báàgì wọ̀nyẹn, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ilẹ̀ Ítálì ni ibi iṣẹ́ náà wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti gé e, ibẹ̀ ni wọ́n ti rán an. Kò sí adájọ́ tó máa sọ pé àkọlé náà purọ́. Àwa tá à ń fọkàn yàwòrán bàbá arúgbó kan nílùú Florence, tó wọ ápúrọ̀n, tó ń fi sùúrù ran awọ, àwa la fi àwòrán yẹn kún un fúnra wa. Ilé iṣẹ́ náà kàn dákẹ́, ó gba owó.

N kò wá sọ pé àwọn ará Ítálì ò mọ iṣẹ́ awọ o. Kí ni mo fẹ́ sọ níwájú Santa Croce sull'Arno àti Ponte a Egola ní Tuscany, níbi tí wọ́n ṣì ń fi èèpo àti igi rẹ awọ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀? Tàbí Ubrique ní Spain, ìlú kékeré tó ń bá ilé iṣẹ́ olówó ńlá ṣe ọjà awọ? Ilé iṣẹ́ kan wà ní Colyton, ní Devon ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, J & FJ Baker, tó ń fi èèpo igi oak rẹ awọ màlúù tó nípọn, ó sì lè ju ọdún kan lọ kí awọ kan tó jáde. Ìyẹn ni èmi ń pè ní ìtàn ibi tí nǹkan ti wá. Ẹ kíyè sí i pé ìlú ni mo ń dárúkọ, n kò sọ pé "Ítálì" lásán.

Ọ̀rọ̀ yìí sì ti kan ilé wa tipẹ́. Láyé àtijọ́, awọ ewúrẹ́ pupa láti Kánò àti Sókótó máa ń gba orí ràkúnmí kọjá aṣálẹ̀ dé etíkun Àríwá Áfíríkà. Nígbà tó bá fi máa dé ọwọ́ òyìnbó, "Morocco" ni orúkọ rẹ̀, wọ́n sì ń fi di ìwé olówó iyebíye. Heinrich Barth, ará Jámánì tó dé Kánò ní 1851, kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ń kó awọ pupa, tí wọ́n fi omi pòròpórò ọkà rẹ láró, lọ títí dé Tripoli. Pòròpórò tí àwọn ìyá wa ń sè fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ ni o! Ẹni tó rẹ awọ wà ní Kánò, ẹni tó fi ẹsẹ̀ kan aṣálẹ̀ ló gba orúkọ. Títí dòní, Ítálì àti Spain wà lára àwọn tó ń ra awọ láti Kánò, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ sì ń lọ láìtíì parí, kí wọ́n lè parí rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ewúrẹ́ àti àgùntàn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, bẹ́líìtì sì ń fẹ́ awọ màlúù. Awọ màlúù tiwa ńkọ́? A fi se pọ̀nmọ́. N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìyẹn, torí èmi náà ò lè fi í sílẹ̀.

Ọmọkùnrin kan tó ń bá mi ṣe bẹ́líìtì ní Mushin ní agolo kan lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Òǹtẹ̀ irin ló kún inú rẹ̀: Italy, Paris, orúkọ ilé iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ àtèyí tí wọ́n kọ kù-díẹ̀-káàtó. Á yọ ọ̀kan, á fi gbóná lórí sítóòfù, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn awọ. Èéfín á rú díẹ̀, bẹ́líìtì ti di ará òkèèrè. Mo ní, "Kí ló dé tó ò tẹ orúkọ ara ẹ sí i?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà lẹ ò ní rà á. Tí wọ́n bá rí Mushin níbẹ̀, ìdajì owó ni wọ́n máa ní kí n gbà." Kò purọ́ mọ́ wa.

Ohun tó dùn mí ni pé iṣẹ́ ọmọ náà dáa. Ẹ̀yìn màlúù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ló ti ń gé awọ rẹ̀, torí ibẹ̀ ló le. Ti ikùn máa ń fà, kò sì ní pẹ́ tí ihò rẹ̀ á fi gbòòrò. Bẹ́líìtì olówó ńlá kan wà tí ẹnìkan fi ta mí lọ́rẹ, "Genuine Leather" ló kọ sí i gàdàgbà. Nígbà tí etí rẹ̀ là, páálí ló wà láàárín, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bò ó lókè nísàlẹ̀. Àkọlé ò purọ́, awọ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ ra bẹ́líìtì, ibi ihò ni mo ń tẹ̀ kọ. Awọ gidi á hun díẹ̀, á sì padà. Àjákù awọ tí wọ́n lọ kúnná, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò, ojú rẹ̀ á sán, ọ̀dà rẹ̀ á máa bó. Mo máa ń wo etí rẹ̀ bóyá ẹyọ kan ni àbí wọ́n to nǹkan sínú. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo máa ń ka ohun tí wọ́n kọ sí i, bí mo bá rántí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta bẹ́líìtì lórí WhatsApp, tí ẹ ń kọ "Italian leather, original" sí gbogbo nǹkan, ẹ gbìyànjú èyí wò lẹ́ẹ̀kan: ẹ kọ ibi tí awọ ti wá síbẹ̀, ẹ kọ ẹni tó rán an àti àdúgbò tó wà. Ẹ fi iye tó tọ́ sí i, kì í ṣe ìdajì. Ẹ fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí mi, ìwọ̀n ìbàdí mi jẹ́ 36.