Land Cruiser tí kò bá tọ́bò wá: ṣé kí n fi sí i?

Ọmọ Aṣálẹ̀: Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Land Cruiser ni mo ń wà, ẹ́ńjìnnì 1HZ, dísù, sílíńdà mẹ́fà, lítà 4.2. Kò bá tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fi ipá ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, wá. Lórí títì tó tẹ́jú, èmi àti ẹ̀ kì í jà. Àmọ́ tí mo bá di ẹrù lé e tí mo dé orí òkè tàbí inú yanrìn, gíà kejì ni mo fi ń wọ́ ọ bí ẹni ń wọ́ òkú ẹfọ̀n. Mo ti ra tọ́bò, mànífóòdù rẹ̀ (irin tó ń kó èéfín jáde láti inú sílíńdà) àti àwọn páìpù, gbogbo ẹ̀ wà nínú páálí. Mẹkáníìkì kan ní tí a bá ti dè é tán, ká yí ṣíkúrù dísù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní tí mo bá dán an wò, ẹ́ńjìnnì ò ní pẹ́ kú. Ta ni kí n gbọ́?

Bàbá Gírísì: Gbọ́ ti ọ̀rẹ́ rẹ, ọmọ mi. Wọn ò ṣe ẹ́ńjìnnì yẹn fún tọ́bò. Kọ́npírẹ́ṣọ̀n rẹ̀, bí písítìnì ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó, lé ní 22 sí 1. 1HD-T tí Toyota fúnra wọn fi tọ́bò sí, 18.6 ni wọ́n fún un, orí písítìnì tààrà sì ni dísù ń bọ́ sí. Ní ti 1HZ, inú ihò kékeré kan nínú tọ́ọ̀pù sílíńdà ni dísù ti kọ́kọ́ ń gbiná. Ibẹ̀ ló ń gbóná jù, ibẹ̀ náà ló ń sán. Mo ti tú wọn sílẹ̀ tí mo rí ibi tó sán láàárín fáàfù méjì, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí. Tí tọ́bò bá wù ọ́, wá ẹ́ńjìnnì tó bá tọ́bò wá.

Wáyà Kan: Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Àwọn tí ẹ tú yẹn, ṣé wọ́n ní géèjì ooru èéfín?

Bàbá Gírísì: Ta ló ń béèrè géèjì lọ́wọ́ òkú?

Wáyà Kan: 😂 Ibẹ̀ gan-an ni mo ń lọ, bàbá. Tọ́bò kọ́ ló ń pa wọ́n, dísù àpọ̀jù ni. Nínú dísù, bí afẹ́fẹ́ bá ṣe pọ̀ ju epo lọ tó ni iná rẹ̀ ṣe máa ń tutù tó. Tí ẹ bá de tọ́bò tí ẹ ò fọwọ́ kan pọ́ńpù dísù rárá, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ sí i, dísù wà níye tó wà, ooru èéfín á wálẹ̀, èéfín dúdú á sì dínkù. Agbára tí ẹ máa rí nígbà yẹn ò pọ̀, mi ò ní purọ́. Ìgbà tí wọ́n bá yí ṣíkúrù ẹ̀yìn pọ́ńpù ni mọ́tò ń fò, inú ẹni tó ni ín á dùn, á ní "yí i díẹ̀ sí i". "Díẹ̀ sí i" yẹn ló ń sán tọ́ọ̀pù.

Ọmọ Aṣálẹ̀, géèjì ni kí o kọ́kọ́ rà. Ẹnu mànífóòdù, ṣáájú tọ́bò, ni kí wọ́n lu ihò rẹ̀ sí, kí wọ́n sì lù ú kí wọ́n tó dè é, torí ìdọ̀tí irin tó bá jábọ́ sínú ibẹ̀, abẹ tọ́bò ló ń lọ bá. Tèmi, psi 8 ni tọ́bò fi ń ti afẹ́fẹ́, ìdámẹ́jọ ìyípo kan ni mo ń yí ṣíkúrù lẹ́ẹ̀kan, màá sì lọ gun òkè kan náà padà. Tí mo bá rí 650 (ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì) lórí géèjì, ẹsẹ̀ mi ti ń kúrò lórí iná. Mi ò jẹ́ kí ó kọjá 700. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Atúnṣe Àná: 700 kẹ̀? Alumíníọ̀mù ń yọ́ ní 660. Àbí òkúta ni wọ́n fi ṣe písítìnì tìrẹ?

Wáyà Kan: Alumíníọ̀mù ni. Ooru èéfín kọ́ ni ooru písítìnì, ẹ̀gbọ́n. Iná yẹn á kan orí písítìnì fìrí, afẹ́fẹ́ tútù á tún wọlé, ọ́ìlì ń gba ooru lábẹ́, ògiri sílíńdà ń gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá tẹ iná mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí kò gbé ẹsẹ̀ ni tirẹ̀ ń yọ́. Ẹ tún wo ibi tí géèjì wà. Lẹ́yìn tọ́bò, ohun tó ń kà lè fi 100 sí 200 dín sí ti iwájú nígbà tí ẹrù bá wúwo. Àwọn tó ń fọ́nnu pé àwọn ò kọjá 550, ẹ bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti kà á.

Atúnṣe Àná: Ehn, ẹ̀yìn ni tèmi wà. Mo gbọ́.

Gíà Kékeré: Ẹ dúró ná. Táyà wo ló wà lẹ́sẹ̀ mọ́tò yìí?

Ọmọ Aṣálẹ̀: Íńṣì 35. Èyí tó bá a wá kéré sí i.

Gíà Kékeré: Háà! Ẹ wá fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa lápálápá. Táyà ńlá yẹn ti sọ gbogbo gíà rẹ di gíga, ló fi jẹ́ pé gíà kejì lo fi ń wọ́ ọ. Pààrọ̀ gíà inú dífú (àpótí gíà tó wà láàárín táyà méjì) níwájú àti lẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì á padà sí ibi tí agbára rẹ̀ wà, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan pọ́ńpù. Ohun tí mo ṣe sí tèmi nìyẹn, mi ò tún ronú tọ́bò mọ́.

Olókè: Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, mo gbà. Gun òkè dé mítà 3,000, kí o wá sọ fún wa. Níbẹ̀, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ kò ju bíi ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tó wà létí òkun. Dífú wo ló máa dá ìdá 30 yẹn padà? Èéfín dúdú tí mọ́tò mi máa ń tú lókè tẹ́lẹ̀, ojú ń tì mí. Mo de tọ́bò, ó lọ.

Gíà Kékeré: Ti òkè, mo fún ọ. Ti yanrìn, rárá o.

Páìpù Ọ́ìlì: Gbogbo yín ń jà lórí dísù, ọ́ìlì ló fìyà jẹ èmi. Lẹ́yìn tí a de tèmi tán, èéfín búlúù ń jáde ní gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní síìlì tọ́bò, ohun tó ń dí ọ́ìlì mọ́ inú rẹ̀, ti jẹ. Mo ra òmíràn, èéfín kan náà. Ìgbà tí mo wọ abẹ́ fúnra mi ni mo rí i: páìpù tó ń dá ọ́ìlì padà sí agbada ìsàlẹ̀ tẹ̀ kọ́lọ́kọ́lọ́, ó wálẹ̀, ó tún gòkè díẹ̀ kó tó wọlé. Kò sí nǹkan tó ń ti ọ́ìlì yẹn, fúnra rẹ̀ ló ń ṣàn. Tó bá ti pàdé òkè, inú tọ́bò ló ń dúró sí, á wá gba síìlì jáde. Mo gé páìpù náà kúrú, mo jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀ tààrà, ẹnu rẹ̀ sì ga ju ojú ọ́ìlì inú agbada lọ. Ọjọ́ yẹn ni èéfín tán. Tọ́bò àkọ́kọ́ tí mo jù nù, kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ẹ má sì fi gọ́ọ̀mù sílíkónì sí ẹnu páìpù tó ń gbé ọ́ìlì wọlé o. Èyí tó bá já sínú, ihò tín-ín-rín yẹn ló ń dí.

Bàbá Gírísì: Níbi ọ́ìlì, a ò jà. Èmi á fi kan kún un. Kó o tó ṣáná fún ìgbà àkọ́kọ́, da ọ́ìlì sínú ihò tọ́bò, yọ wáyà tó ń ṣí dísù lára pọ́ńpù, kó o wá máa ta ẹ́ńjìnnì títí géèjì ọ́ìlì á fi gbéra. Lẹ́yìn náà ni kó o dá wáyà padà. Tọ́bò ń yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Béárìn gbígbẹ ò lè fara dà á.

Wáyà Kan: Bàbá, ẹ ti ń kọ́ wa bí a ṣe ń dè é nìyẹn o 😄 Àti pé 1HD-T tí ẹ ń yìn, béárìn kọ́ńródù (ọ̀pá tó di písítìnì mú) àwọn àkọ́kọ́ kò ṣàì dá wàhálà sílẹ̀.

Bàbá Gírísì: Béárìn, a máa ń sọ agbada kalẹ̀, ká pààrọ̀ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Tọ́ọ̀pù tó sán ńkọ́, ìsàlẹ̀ wo lo fẹ́ gbà? Mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà. Ṣùgbọ́n tí ọmọ yìí bá kọ etí ikún, kí ó kọ́kọ́ wọn kọ́npírẹ́ṣọ̀n sílíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. A kì í di ẹrù lé ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn.

Ọmọ Aṣálẹ̀: Ẹ ṣé gan-an. Mo wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án yìí. Márùn-ún wà láàárín psi 420 sí 440. Sílíńdà karùn-ún nìkan ló jẹ́ 310. Mo da ọ́ìlì díẹ̀ sí i, mo tún un wọ̀n: 390.

Bàbá Gírísì: Tí ọ́ìlì bá gbé e sókè, ríǹgì písítìnì ló ti jẹ.

Wáyà Kan: Mo fara mọ́ bàbá lórí èyí.

Ọmọ Aṣálẹ̀: Tọ́bò ti padà sínú páálí. Táyà kékeré ni mo máa dá padà sí i lọ́la, kí n fi wà á títí ríǹgì á fi dé.

Gíà Kékeré: Kí ni mo sọ?