Ẹgbẹ́ Agunkè àbí Ẹgbẹ́ Ayafọ́tò?

Àṣà tuntun ti dé o. Ẹni tó jẹ́ pé láti yàrá dé pálọ̀ ló ti ń ké "orúnkún mi o", ẹ máa rí i láàárọ̀ Sátidé, ó ti so okùn bàtà agunkè pinpin, ó gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, ó di ọ̀pá méjì mú, ó ní òkè lòun ń lọ gùn. Òkè ò sì ránṣẹ́ pè é.

Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́fà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má fojú di wọ́n. Alága wà níbẹ̀, igbákejì wà níbẹ̀, akọ̀wé, akápò àti alukoro náà ò gbẹ́yìn. Ẹnì kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù ni ọmọ ẹgbẹ́, òun sì ni gbogbo wọn ń darí.

Ẹ wá wo ẹrù. Ìrìn wákàtí mẹ́rin ni, àpò tí akápò gbé tó ti ẹni tó ń kó kúrò nílé. Fèrè kékeré kan ń mì dirodiro léjìká àpò náà. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń fi í ṣe, ó ní, "Ó bá àpò wá ni." Bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí wà lọ́wọ́ fèrè yẹn o! Ẹni tí nǹkan bá ṣe lórí òkè, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló yẹ kó fọn ọ́n láàárín ìṣẹ́jú kan, kó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kó tó tún bẹ̀rẹ̀, kí àwọn tó ń gbọ́ lè mọ̀ pé ìrànlọ́wọ́ ló ń wá. Lọ́dọ̀ tiwọn, ìgbà tí fọ́tò bá yá ni fèrè ń dún.

Ní 1955, màmá àgbà kan ní Amẹ́ríkà, Emma Gatewood, ẹni ọdún 67, rin Appalachian, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó gba orí òkè kọjá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìrìn tó lé ní 3,000 kìlómítà. Bàtà kańfáàsì lásán ni wọ́n wọ̀, àpò tí wọ́n fọwọ́ ara wọn rán ni wọ́n gbé kọ́ èjìká, kọ́tìnnì ilé ìwẹ̀ ló ń gbà wọ́n lọ́wọ́ òjò. Bí màmá yìí bá yọ sí ẹgbẹ́ wọn lónìí, akọ̀wé á bi wọ́n pé aṣọ ẹgbẹ́ wọn dà.

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí alága fi ní, "Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká dúró wo iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run." Ibi tí alága bá ti ń mí helehele, ibẹ̀ náà ni iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run máa ń wà. Igi gbígbẹ, òkúta lásán, àní ìgbẹ́ ewúrẹ́, gbogbo rẹ̀ ló di àrímáleèlọ. Ará Scotland kan, William Naismith, ti ṣírò ìrìn òkè láti 1892: wákàtí kan fún máìlì 3, kí èèyàn fi wákàtí kan kún un fún gbogbo 2,000 ẹsẹ̀ bàtà tó bá gùn. Baba náà ò ro ti alukoro mọ́ ọn, ẹni tó ní kí wọ́n padà sísàlẹ̀ kí wọ́n tún un rìn gòkè, nítorí pé fóònù ò ká bàtà wọn.

Nígbà tí wọ́n máa fi dé ṣóńṣó, òjò ti ṣú, àrá ń kù. Ẹni tó mọ òkè mọ̀ pé ibi tó ga jù ni mànàmáná ń kọ́kọ́ wá, ìsàlẹ̀ ló yẹ kí wọ́n máa forí lé. Alukoro gbé fóònù fún ọmọ ẹgbẹ́, ó sáré lọ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ alága, ó ní, "Ẹ gbé ọ̀pá sókè, ẹ rẹ́rìn-ín!"

Nígbà tí Edmund Hillary àti Tenzing Norgay gun Everest, òkè tó ga jù láyé, dórí ní 1953, Hillary ló ya Tenzing ní fọ́tò. Fọ́tò Hillary fúnra rẹ̀ lórí ibẹ̀, kò sí. Lójú ẹgbẹ́ yìí, ọkùnrin yẹn ò tíì kúrò nílé.

Wọ́n sọ̀. Sísọ̀ gan-an ló ń fìyà jẹ orúnkún, akápò sì fi ìdí wọ́ ilẹ̀ bọ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ ru àpò tirẹ̀, ó ru ti akápò, ó ru ti alága.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti wà lórí Facebook: "A ṣẹ́gun òkè!" Èèyàn márùn-ún ló wà nínú fọ́tò. Lóru ọjọ́ náà, ìpàdé wáyé lórí WhatsApp, wọ́n sì fẹnu kò pé ti oṣù tó ń bọ̀, òkè tí mọ́tò lè gùn dórí ni kí akọ̀wé bá wọn wá.