Owó Ìwádìí Kì Í Ṣe Owó Prof

Bí rédíò bá ti kéde pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní FUNAAB, fásitì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, gba owó ìwádìí láti òkè òkun, kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á ti fi ẹnu pín in tán ní Ọbáńtokò. "Prof ti là!" Ẹlòmíì á ti bá a ra ọkọ̀, ẹlòmíì á ti bá a kọ́lé sí Ìdì-Àbà. Àwọn mọ̀lẹ́bí náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Mi ò sọ pé olè ò sí ní fásitì o. Olè wà níbi gbogbo. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò sẹ́ni tó fún Prof lówó. Ilé-ẹ̀kọ́ ni àwọn tó ń náwó sí ìwádìí bá tọwọ́ bọ̀wé, àkáǹtì ilé-ẹ̀kọ́ lowó ń wọ̀, wọ́n sì ti kọ iṣẹ́ tí owó náà máa ṣe sílẹ̀ kó tó dé: owó oṣù àwọn olùrànlọ́wọ́, kẹ́míkà, epo ọkọ̀, ìrìnàjò.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ilẹ̀ Yúróòpù, torí òun ló máa ń da orí àwọn èèyàn rú jù. Horizon Europe lorúkọ ètò náà, láti 2021 dé 2027, owó tí wọ́n kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ fún un sì tó bílíọ̀nù yúrò 95.5. Owó ńlá ni, mi ò jiyàn. Àmọ́ iṣẹ́ alájọṣe inú rẹ̀ kò ṣeé dá ṣe. Ó kéré tán, ilé-iṣẹ́ tàbí ilé-ẹ̀kọ́ 3 tí ọ̀kan ò sí lábẹ́ èkejì, láti orílẹ̀-èdè 3 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ló gbọ́dọ̀ jọ kọ̀wé. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, méjì tó kù á wà níbẹ̀ tàbí ní orílẹ̀-èdè tó bá wọn ṣàdéhùn. Nàìjíríà lè wọlé, ó sì lè gbowó, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mẹ́ta yẹn bá ti pé. FUNAAB àti Fásitì Ìbàdàn nìkan kò lè dìde lọ béèrè.

Ká wá ní mílíọ̀nù yúrò 3 ni wọ́n kéde, fún ọdún 4, láàárín alábàáṣe 10. Bí wọ́n bá pín in dọ́gba (wọn kì í pín in dọ́gba), 300,000 ló kan Abẹ́òkúta. 60,000 nínú rẹ̀ á lọ sórí iná, omi àti ọ́fíìsì, torí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ gan-an ni òfin wọn ń fi kún un fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó ku 240,000, ìyẹn 60,000 lọ́dún. Kì í sì í wọlé lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á san díẹ̀ ṣíwájú, wọ́n á wo ìjábọ̀ kí wọ́n tó san òmíràn, ìyókù á dúró di ìgbà tí ìjábọ̀ ìkẹyìn bá tẹ́ wọn lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ "adarí" ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Ọwọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tó ń darí ni gbogbo owó ń gbà kọjá, òun ló sì ń pín in fún àwọn yòókù. Bí ẹni tí ẹbí kó owó aṣọ lé lọ́wọ́ ló rí, pé kó lọ ra àdìrẹ wá ní Ìtòkú: owó kún ọwọ́ rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ gbogbo náírà ibẹ̀ ló ní olówó. FUNAAB ti wà nípò yẹn rí. C:AVA, iṣẹ́ lórí ẹ̀gẹ́, Fásitì Greenwich ló darí ìpele kìíní, FUNAAB ló darí ìkejì láti 2014. Àjọ Gates ló náwó sí i, kì í ṣe ìjọba, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tò ó náà nìyẹn: owó tó gba Alábàtà, níbi tí FUNAAB wà, kọjá, Nàìjíríà, Gánà, Tanzania, Uganda àti Màláwì ni wọ́n jọ ni ín.

Nínú Horizon Europe, irú iṣẹ́ kan kò sì jọ èkejì. Tó bá jẹ́ ìwádìí gan-an, Yúróòpù lè san gbogbo ìnáwó. Tó bá ti ń sún mọ́ ọjà, ilé-iṣẹ́ tó ń wá èrè á gba ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, á wá ìyókù lápò ara rẹ̀. Òmíràn wà tó jẹ́ ìpàdé àti ìkónijọ lásán.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti CEADESE, ibùdó ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti àyíká tó wà nínú FUNAAB lábẹ́ ACE, ètò Báǹkì Àgbáyé fún àwọn ibùdó ìmọ̀ ní Áfíríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014. "Òyìnbó ta wá lọ́rẹ," ni wọ́n ń wí. Ọrẹ kẹ̀? Owó tí Nàìjíríà yá ni, a ó san án padà. Èsì ni wọ́n sì fi gbà á: iye akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti ilẹ̀ míì, iye obìnrin nínú wọn, iye ìwádìí tó jáde, ìṣirò owó tí ọ́dítọ̀ yẹ̀ wò lásìkò.

TETFund, àpò owó ìjọba fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ńkọ́? Owó orí èrè àwọn ilé-iṣẹ́ ni. Òfin 2011 fi í sí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di 3 láti 2023 títí di ìparí 2025, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ló sì ń jẹ níbẹ̀.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí wọ́n bá wá bá pé kí ẹ yọ̀ǹda oko fún ìdánwò, ìgbà tí wọ́n ṣì ń kọ ìwé ìbéèrè ni kí ẹ ti sọ owó ilẹ̀ àti owó iṣẹ́ yín. Bí kò bá sí ibi tó lè wọ̀ nínú ìwé ìṣúná, bó ti wù kí Prof láàánú tó, ọ́dítọ̀ lè ní kó dá a padà. Ọdún 5 lẹ́yìn owó ìkẹyìn ni Yúróòpù ní kí wọ́n fi tọ́jú rìsíìtì.