Ẹ má sọ ilé ìfìwéránṣẹ́ di ayálégbé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lọ́kàn mi. Bí wọ́n ṣe ń kó àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ inú ṣọ́ọ̀bù oníṣòwò kò dáa, mi ò sì rò pé ó yẹ ká máa wò ó níran nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2007, wọ́n kéde pé 70 lára àwọn ẹ̀ka tí ilé-iṣẹ́ Post Office ń bójú tó fúnra rẹ̀, àwọn tí wọ́n ń pè ní Crown, máa kó lọ sínú WHSmith, ilé-iṣẹ́ tó ń ta ìwé, ìwé ìròyìn àti káàdì. Ní 2018 wọ́n tún kéde 74 mìíràn, WHSmith náà ló sì máa gba èyí tó ju ìdajì lọ nínú wọn. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn oníbàárà tí Which?, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò fi WHSmith sí ìsàlẹ̀ pátápátá láàárín àwọn ṣọ́ọ̀bù ìgboro. Nígbà tó di oṣù kọkànlá 2024, Nigel Railton tó jẹ́ alága Post Office ní gbogbo ẹ̀ka Crown 115 tó ṣẹ́ kù náà lè kúrò lọ́wọ́ àwọn. Nǹkan bí 1,000 òṣìṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ẹnì kan á ní, kí ni 115 nínú nǹkan bí 11,500 ilé ìfìwéránṣẹ́ tó wà? Ó ṣáà ti pẹ́ tí èyí tó pọ̀ jù nínú ilé ìfìwéránṣẹ́ ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Òótọ́ ni. Mi ò bá àwọn onísọ̀ kéékèèké àdúgbò jà rárá. Tọkọtaya tó ń ta búrẹ́dì àti mílíìkì lápá ọ̀tún, tí wọ́n ń ta sítáǹpù lápá òsì, iṣẹ́ ìlú ni wọ́n ń ṣe. Ìyà tí wọ́n fi jẹ irú wọn lórí Horizon, ètò ìṣirò owó orí kọ̀ǹpútà Post Office tó ń ṣàṣìṣe, kò sì ṣeé gbàgbé: ó lé ní 900 èèyàn tí wọ́n dá lẹ́bi olè àti jìbìtì nítorí ohun tí kọ̀ǹpútà sọ, ó sì di 2024 kí ilé aṣòfin tó ṣe òfin tó pa irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ rẹ́. Railton ní àwọn ẹ̀ka ńlá ń pàdánù owó, pé owó tí àwọn bá rí pa mọ́ lára wọn ni àwọn máa fi kún owó tí àwọn onísọ̀ yìí ń gbà. Ó yẹ kí wọ́n rí owó gidi gbà, àní ó ti pẹ́ tó ti yẹ wọ́n. Àmọ́ ìjọba ló ni Post Office látòkè délẹ̀. Lábẹ́ ojú ìjọba ni wọ́n ti jẹ wọ́n níyà. Àpò ìjọba ló yẹ kó san án, kì í ṣe káńtà àwa ará ìlú.

Ẹ sì wo ohun tí àwọn ẹ̀ka ńlá yìí ń ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ti Nàìjíríà dé kó tó di pé wọ́n gbé ìwé ìgbélùú lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, káńtà ilé ìfìwéránṣẹ́ la ti gba BRP wa, káàdì tó fi hàn pé a ní àṣẹ láti gbé níbí. Lẹ́tà Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìwọ̀lú, á dárúkọ ẹ̀ka tó o máa lọ, wàá kó pásípọ́ọ̀tù rẹ dání, wàá sì máa gbàdúrà pé kí orúkọ rẹ má lábùkù lórí káàdì náà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń bá èèyàn yẹ ìwé pásípọ́ọ̀tù wò kó tó lọ, kó má baà padà wá. Báńkì ń ti ilẹ̀kùn káàkiri, nítorí náà ibẹ̀ náà ni oníṣòwò ń kó owó ọjà rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tó gba ìmọ̀ ni gbogbo èyí. Nígbà tí wọ́n bá sì gbé ẹ̀ka lọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà òṣìṣẹ́ á gba owó ìdágbére, wọn á lọ sílé, ara wa ni àwọn tuntun á ti máa kọ́ṣẹ́.

Mo tẹ̀lé ìyá àgbà kan ní ìjọ wa lọ sí ọ̀kan tí wọ́n ti gbé wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yìn pátápátá ni káńtà wà. A kọjá lára káàdì ọjọ́ ìbí, a kọjá lára ṣokoléètì, ká tó rí ibi tí èèyàn tò sí, láàárín pẹpẹ ọjà méjì, láìsí àga kankan. Màmá fi ọwọ́ kan di ọ̀pá wọn mú, wọ́n fi ìkejì di pẹpẹ ìwé ìròyìn. Nígbà tó kàn wọ́n, wọ́n kó owó ẹgbẹ́ jáde, wọ́n ń kà á, ni ẹnì kan tó ń wá àpò ìwé bá na ọwọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká wọn. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n fi ìborùn bo owó náà. Wọ́n ní, "Ṣé gbangba báyìí ni kí n ti máa ka owó olówó?" Mo ní, "Ẹ má bínú, Mà, ẹ jẹ́ kí n dúró lẹ́yìn yín." Mo fi ara mi ṣe ògiri títí wọ́n fi kà á tán.

Ìlànà ìjọba ni pé ìdá 99 nínú 100 àwọn ará ìlú gbọ́dọ̀ wà láàárín máìlì mẹ́ta sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Ìlànà yẹn dáa. Ṣùgbọ́n jíjìn nìkan ló ń wọ̀n. Kò wọ̀n bóyá àga wà fún arúgbó, kò wọ̀n bóyá ẹni tó wà ní káńtà mọ iṣẹ́.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù ni èyí: ayálégbé ni ilé ìfìwéránṣẹ́ tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ sì mọ bó ṣe máa ń rí tí onílé bá ta ilé. Láti 1792 ni WHSmith ti wà. Ta ló rò pé ó máa kúrò ní ìgboro? Ní 2025 wọ́n ta nǹkan bí 480 ṣọ́ọ̀bù wọn tó wà nígboro fún Modella Capital, ilé-iṣẹ́ olùdókòwò kan, orúkọ wọn sì di TGJones. Ilé ìfìwéránṣẹ́ bí 200 ló wà nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù náà. Kò sẹ́ni tó bi àwọn ará àdúgbò yẹn léèrè bóyá ọwọ́ olówó tuntun ni wọ́n fẹ́ kí káńtà wọn bọ́ sí.

Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé ẹ̀ka kan lọ, wọn á pè wá pé ká sọ èrò wa. Tó o bá ka ìwé náà dáadáa, ohun tí wọ́n ń béèrè ni bóyá ẹnu ọ̀nà ibi tuntun gba kẹ̀kẹ́ arọ, bóyá bọ́ọ̀sì ń dúró nítòsí. Ìpinnu pé ẹ̀ka ń lọ, wọn kì í béèrè ìyẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n ní ọ̀rọ̀ okòwò tiwọn ni. Ẹ dáhùn síbẹ̀, ẹ kọ ọ́ gbọọrọ, kí wọ́n rí i pé a wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ òmíràn sí aṣòfin àdúgbò yín, nítorí ìjọba ló ni ilé-iṣẹ́ náà. Kó bá yín béèrè ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ mínísítà: tí ṣọ́ọ̀bù tí ẹ gbé káńtà wa sí bá ti ilẹ̀kùn, oṣù mélòó la máa fi wà láìní ilé ìfìwéránṣẹ́, ta ló sì máa san owó òmíràn?